Thumbnail tó ń wọ́ bí ìgbín: sọ́fítíwià ìwo-fọ́tò wo ni kí onífọ́tò òde àríyá mú?

Bí mo bá ya ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí wọ́n bá ń wé gèlè fún ìyàwó láàárọ̀ títí di ìgbà tí àwọn tó ni àga bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga wọn, fọ́tò tí mo máa ń gbé wálé kì í dín ní 2,400. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí, ni mo fi ń yà, fáìlì kọ̀ọ̀kan sì tó 25 MB. Ẹ ṣírò rẹ̀: 60 GB ni. Kí n tó bọ́ bàtà, ìyàwó á ti kọ̀wé sórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mẹ́wàá péré ránṣẹ́, kí n gbé e síta lálẹ́ yìí."

Mẹ́wàá péré. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó yọ mẹ́wàá yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú kan 2,400.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ ṣí fódà, àpótí aláwọ̀ eérú kún ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ń di fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí arúgbó bá ń ka owó ẹyọ. Ẹ fà á wálẹ̀, eérú ni. Ẹ fà á padà sókè, èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ tún ti di eérú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, sọ́fítíwià tí mo ń lò nígbà náà (n kò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n lè ti tún un ṣe) ti dé ìdajì nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ tán. Ti bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi, ẹ má bèèrè. Nígbà tí mo ra epo dé tí mo tan kọ̀ǹpútà, orí àpótí kìíní ló ti tún bẹ̀rẹ̀. Kò tọ́jú ẹyọ kan nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé sọ́fítíwià kan yá ju èkejì lọ, ohun méjì ni mo máa ń bi í. Níbo ló ti ń rí thumbnail, àwòrán kékeré tó fi ń dí àpótí kọ̀ọ̀kan? Níbo ló sì ń tọ́jú rẹ̀ sí? Orí ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo máa gbé ìfiwéra yìí lé. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni.

Níbo ló ti ń rí i?

Fọ́tò kámẹ́rà 24 megapixel fẹ̀ tó 6000 pixel (ẹyọ àwọ̀ kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò), ó ga tó 4000. Ìyẹn mílíọ̀nù 24 pixel. Àwòrán kékeré tó fẹ̀ tó 256 pixel, gbogbo pixel inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 44,000 lọ. Sọ́fítíwià tí kò mọ iṣẹ́ á tú mílíọ̀nù 24 yẹn pátá, á kó o sínú RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́), 72 MB fún fọ́tò kan ṣoṣo, á wá fún un mọ́ra títí á fi di 44,000. Á ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 2,400. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀ kì í mu ìkòkò ọbẹ̀ tán.

Èyí tó mọ iṣẹ́ mọ ọ̀nà àbùjá méjì. Ọ̀kan wà nínú JPEG fúnra rẹ̀. Bí JPEG ṣe ń pa fọ́tò mọ́ ni pé ó máa ń gé e sí ìgún mẹ́rin kéékèèké, pixel 8 ní ìbú, pixel 8 ní òró, ó sì ń kọ ìpíndọ́gba àwọ̀ ìgún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Sọ́fítíwià lè ṣa ìpíndọ́gba yẹn nìkan: fọ́tò 6000 sí 4000 á jáde ní 750 sí 500, èyí tó ti tó fún thumbnail, ó sì ti dá ara rẹ̀ sí nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò. Ó ṣì gbọ́dọ̀ ka fáìlì náà tán láti orí dísìkì o, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń rù dín. PNG, irú fáìlì fọ́tò mìíràn, kò ní irú ọ̀nà yìí. Ìdí nìyẹn tí fódà tó kún fún PNG ńláńlá fi máa ń kánjú mú fáànù láàpútọ́ọ̀pù kígbe.

Ọ̀nà àbùjá kejì ni pé kámẹ́rà ti bá yín ṣe àwòrán kékeré sílẹ̀. JPEG tó jáde láti inú kámẹ́rà sábà máa ń ní ọ̀kan nínú apá tí kámẹ́rà ń kọ àlàyé fọ́tò sí, tí wọ́n ń pè ní EXIF, 160 pixel sí 120. RAW ní tirẹ̀ máa ń gbé odindi JPEG kan sínú, èyí tí kámẹ́rà fi ń fi fọ́tò hàn yín lẹ́yìn rẹ̀; nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, JPEG ọ̀hún tóbi dáadáa. Ẹ wo ohun tí èyí já sí fún 60 GB tèmi lórí okùn USB 2.0. Ká ní dísìkì ń ka 35 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kíka RAW náà tán á gba bí ìṣẹ́jú 29. Bí ó bá jẹ́ JPEG inú rẹ̀ nìkan ni sọ́fítíwià yọ, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5 MB, 3.6 GB ni gbogbo rẹ̀: kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un fún orí dísìkì tó ń fò kiri láti fáìlì dé fáìlì. Mẹ́ta ṣì ni, a ò tíì dé ọgbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí 160 sí 120 inú JPEG yẹn tàn yín. Ẹni tó ń ya òkè àti odò lè fi yan fọ́tò. Àwa ńkọ́? Igba obìnrin ló wọ aṣọ ẹbí kan náà, tí wọ́n wé gèlè aláwọ̀ àlùkò kan náà. Lórí àwòrán tí kò ju èékánná lọ, gbogbo wọn á dà bí ẹ̀wà nínú àwo. Ẹ ò ní mọ ẹni tó dijú. Bí ẹ bá ya mẹ́ẹ̀ẹ́dógún léraléra nígbà tí wọ́n ń náwó fún ìyá ìyàwó, ẹ ò ní mọ èyí tí náírà ti bo imú ìyá. Èyí ló fà á tí n kì í fi gba ìmọ̀ràn àwọn tó ní kí a máa lo ti EXIF nìkan torí pé òun ló yá jù. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò tún máa ṣí fọ́tò ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ojú èèyàn, àkókò tí ẹ rò pé ẹ rí fipamọ́ á sì lọ síbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ti EXIF ni sọ́fítíwià ń gbé fún yín? Ẹ wo òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Bí ìlà dúdú bá wà níbẹ̀, òun ni. Ìwọ̀n 160 sí 120 jẹ́ 4:3, fọ́tò ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá sì jẹ́ 3:2, kámẹ́rà á wá fi dúdú dí àlàfo tó kù. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó lè fa ìjà: bí ẹ bá gé ẹnì kan kúrò nínú fọ́tò, tí sọ́fítíwià tí ẹ fi gé e kò bá tún ti inú EXIF ṣe, ẹni náà ṣì wà nínú thumbnail. Ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ tí wọ́n ní kí ẹ gé dànù, ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Níbo ló ń tọ́jú rẹ̀ sí?

Ibi tí sọ́fítíwià ń kó àwòrán kékeré tó ti ṣe pamọ́ sí, cache ni àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ń pè é. Èmi á pè é ní àká, torí iṣẹ́ àká ló ń ṣe gẹ́lẹ́: ohun tí a ti kórè lẹ́ẹ̀kan, a kì í padà sóko lọ kórè rẹ̀.

Nígbà Windows XP, inú fódà kọ̀ọ̀kan ni àká wà, fáìlì kan tó ń jẹ́ Thumbs.db. Láti ìgbà Vista ni wọ́n ti kó o jọ sí ojú kan fún oníkálukú, nínú àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú thumbcache. Ó dára, àmọ́ nínú Disk Cleanup, ìlà kan wà tó ń jẹ́ Thumbnails. Ọmọ tó ń bá yín "fọ" láàpútọ́ọ̀pù ní ṣọ́ọ̀bù máa ń fi àmì síbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ẹ dé ilé, àká ti jóná, fódà tí ẹ ti ń wò láti oṣù mẹ́fà tún ti ń ka owó ẹyọ.

Lórí Linux, àwọn olùkọ sọ́fítíwià fẹnu kò: inú fódà .cache/thumbnails ni gbogbo wọn ń kó o sí, ní ìwọ̀n 128, 256, 512 àti 1024. Nítorí náà, ohun tí Gwenview bá ti sè, gThumb, sọ́fítíwià ìwo-fọ́tò mìíràn, lè bu jẹ. Mo fẹ́ràn ètò yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì fáìlì ni wọ́n fi ń dá àwòrán mọ̀. Ẹ yí orúkọ fódà padà láti "igbeyawo" sí "igbeyawo_ibadan", lójú kọ̀ǹpútà, àlejò tuntun ló dé. Yóò tún gbogbo rẹ̀ sè.

Èyí kan àwa tó ń lo dísìkì àgbéká gan-an. Lórí Windows, dísìkì tó jẹ́ E: lónìí lè di F: lọ́la nítorí fláàṣì kan tó ti gba ipò rẹ̀. Sọ́fítíwià tó ń fi àdírẹ́sì dá fáìlì mọ̀ á gbà pé òun kò rí i rí. Oògùn rẹ̀ rọrùn: ẹ lọ sínú Disk Management, kí ẹ fún dísìkì náà ní lẹ́tà tó jìnnà, bíi P:, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lára gbogbo àtúnṣe tí mo ti ṣe, èyí ni kò ná mi ní kọ́bọ̀, tó sì ṣiṣẹ́ jù.

Ìwọ̀n àwòrán náà ṣe pàtàkì. Bí àká bá kún fún 256, tí ẹ wá fa thumbnail dé 400 lójú kọ̀ǹpútà, nínú kó ṣú bàìbàì tàbí kó tún gbogbo rẹ̀ sè, ọ̀kan á ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró sórí rẹ̀. Ẹ má sì ṣe ojúkòkòrò: 256 sí 256 ń gba 256 KB nínú RAM bí wọ́n bá ti tú u, nítorí náà 2,400 á gba 600 MB. Ẹ sọ ọ́ di 512, ó di 2.4 GB. Láàpútọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, tí sọ́fítíwià bá kó gbogbo rẹ̀ sórí lẹ́ẹ̀kan, á dákú.

Àwọn tó wà lọ́jà

File Explorer tí Windows fúnra rẹ̀ gbé wá tó fún igba fọ́tò. Fún RAW, ẹ ní láti gba Raw Image Extension láti Microsoft Store, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ RAW kò ní fojú hàn. Mo máa ń fi wá fáìlì. N kò ní fi yan fọ́tò oníbàárà.

IrfanView, tí Irfan Škiljan ti ń ṣe láti ọdún 1996, fúyẹ́ bí ewé. Ẹ tẹ T, fèrèsé thumbnail á ṣí. Fún láàpútọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, tí ẹ kàn fẹ́ wo fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí mo fi ń wé e. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti kọjá wíwò, tó di yíyàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ibòmíràn ni mo máa ń lọ.

Photo Mechanic jẹ́ ti àwọn oníròyìn tó ní láti fi fọ́tò ránṣẹ́ kí ìdíje bọ́ọ̀lù tó parí. JPEG inú RAW ló ń yọ, kò ní dá ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ìyókù. Ìdí tó fi ń sáré nìyẹn, kì í ṣe oògùn. Dọ́là ni wọ́n ń tà á, ẹ sì mọ bí náírà ṣe rí. Bí ẹ bá ń ya òde mẹ́rin lóṣù, ó lè san ara rẹ̀ padà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù yìí ni kí ẹ bá mi wò dáadáa.

| | FastStone Image Viewer | XnView MP | digiKam |
|---|---|---|---|
| Ó ń ṣiṣẹ́ lórí | Windows nìkan | Windows, macOS, Linux | Windows, macOS, Linux |
| Àká rẹ̀ | dátábéèsì tirẹ̀ | dátábéèsì tirẹ̀, Thumb.db | thumbnails-digikam.db |
| Fífi fọ́tò wéra | tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan | ó wà | méjì, lórí Light Table |
| Owó | ọ̀fẹ́ fún lílò nílé | ọ̀fẹ́ fún lílò ara ẹni àti ẹ̀kọ́ | ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé |

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wa kì í kà á. Bí ẹ bá ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ kì í ṣe "lílò nílé" mọ́. FastStone àti XnView MP ń béèrè pé kí oníṣòwò ra àṣẹ. digiKam kò béèrè nǹkan kan.

FastStone ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí i, ó ń ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ kí ẹ yàn bóyá JPEG inú RAW ni kí ó fi hàn tàbí kí ó tú RAW náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú ti àkọ́kọ́. Ibi tí mo ti kan sáárá sí i ni fífi mẹ́rin wéra. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìyá ìyàwó yẹn, mo máa ń kó mẹ́rin mẹ́rin sílẹ̀, mo sún gbogbo wọn mọ́ ojú, èyí tó dijú á fara hàn kíá.

XnView MP dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́n ṣùgbọ́n tó ń fẹ́ kí a ṣàlàyé. Settings rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìmọ ohun tó ń wá lè pẹ́ níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá: ìwọ̀n thumbnail tó ń kó sínú àká, bóyá ó ń lo àwòrán inú fáìlì, àti bí ó ṣe ń ka RAW. Bí ẹ bá ti to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń yá. Bí ẹ bá ti lò ó pẹ́, àká rẹ̀ máa ń sanra. Nínú Settings kan náà, ní apá Catalog, ẹ lè ní kí ó tún dátábéèsì náà tò. Mo máa ń ṣe é bí ẹni ń gé irun.

digiKam ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i á bú u. Ó fẹ́ mọ fódà tí fọ́tò yín wà, ó fẹ́ ka gbogbo rẹ̀, bó bá sì ti ń ṣí láàárọ̀ ó tún fẹ́ wò ó bóyá nǹkan tuntun dé. (Ẹ lè pa ìwákiri ti àárọ̀ yẹn nínú Settings. Ẹ pa á.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: kì í ṣe àdírẹ́sì nìkan ló fi ń dá fọ́tò mọ̀. Ó máa ń ka ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì àti díẹ̀ ní ìparí rẹ̀, á pa á pọ̀ mọ́ bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, á fi ṣe àmì bí ilà ojú. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ gbé e lọ sí fódà mìíràn, ilà ojú rẹ̀ kò yí padà, thumbnail rẹ̀ sì wà nínú àká. Dísìkì àgbéká náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe E: tàbí F:. Fún ẹni tó ní dísìkì márùn-ún tó kún fún ìgbéyàwó ọdún mẹ́wàá, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta. Ẹ tún lè lọ sí Tools, Maintenance, kí ẹ ní kí ó ṣe gbogbo thumbnail tó bá kù sílẹ̀ nígbà tí iná wà, kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ má gbé dátábéèsì rẹ̀ sórí dísìkì tí ẹ ń pín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì; SQLite, irú dátábéèsì kan, ló ń lò, kò sì fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Kí ẹ tó bú sọ́fítíwià

Ẹ wo dísìkì yín ná. Dísìkì oníyíyí, tó ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú, kì í lè fò dé ojú tó ju nǹkan bí ọgọ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá tún ń da fáìlì kọ sórí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wo fódà, ó ń sá sókè sá sódò bí ọmọ tí ìyá méjì ń rán níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó dà á kọ tán. Ẹ má wo fọ́tò láti orí mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ dà á sórí SSD (dísìkì tí kì í yí) kọ̀ǹpútà ná. Bí ojú USB kan bá jẹ́ dúdú, tí èkejì jẹ́ búlúù, búlúù sábà máa ń jẹ́ USB 3.

Sọ́fítíwià yòówù kí ẹ gbà, ẹ fi fódà ọ̀ọ́dúnrún fọ́tò dán an wò kí ẹ tó fi iṣẹ́ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ẹ ṣí i, ẹ fò tààrà sí ìsàlẹ̀: bóyá àwọn tó wà níwájú yín ló kọ́kọ́ ṣí, tàbí ó ń ṣe ti òkè lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀? Ẹ pa á, ẹ tún un ṣí: ó yẹ kó wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí orúkọ fódà padà, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà yẹn ni ẹ máa mọ irú àká tó ní.

Èmi ńkọ́? Méjì ni mo ń lò. XnView MP, tí mo ra àṣẹ rẹ̀, ló ń bá mi yan fọ́tò lálẹ́ òde. DigiKam ló ń ṣọ́ àwọn dísìkì àtijọ́. Bí mo bá ti dà á kọ sórí SSD tán, mo máa ń ṣí fódà náà, mo fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan, mo sì lọ jẹ ẹ̀bà. Kí n tó fọ ọwọ́, eérú ti tán lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́wàá tìyàwó á sì ti lọ kí Nẹ́pà tó ráyè mi.